Àmì ® àti Orúkọ "Yorùbá"

Láti Dallas níbí ni mo ti ń kí yín.

Ẹ mú ohunkóhun tó wà nítòsí yín, ọṣẹ tàbí oògùn. Ẹ óò rí R kékeré tí wọ́n fi ìlà róbótó yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ará ìtòsí wa níbí ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin tó gbé àmì yẹn jáde: Fritz Lanham, aṣòfin tó ṣojú Fort Worth ní Washington. Lanham Act ni, ọdún 1946. Kó tó dìgbà náà, "Reg. U.S. Pat. Off." gbọọrọ ni wọ́n ń kọ.

® túmọ̀ sí pé ẹni náà ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. ™ yàtọ̀: ẹni tó bá ń fi orúkọ ṣòwò lè lò ó, bí kò tiẹ̀ tíì fi sílẹ̀. Èmi náà lẹ ® mọ́ orúkọ ìkànnì mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, torí ó wù mí lójú. Àṣìṣe ni. Tí ẹ bá sì ń kọ̀wé nípa ọjà yín, ẹ fi àmì náà síbi tí orúkọ ti kọ́kọ́ jáde. Ó ti tó, ẹ má tò ó sí gbogbo ìlà.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé tirẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, aspirin lásán la ń kọ, torí pé ní 1921 ilé ẹjọ́ New York sọ pé orúkọ náà ti di ti gbogbo ayé. Ní Canada, Bayer ṣì ló ni ín.

Ní Britain ńkọ́? Ní 2015, ilé-iṣẹ́ aṣọ kan, Timbuktu Global, fi "Yoruba" sílẹ̀ bíi trademark tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà wa, orúkọ èdè ìyá wa! Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Nígbà tí Gbemisola Isimi, tí CultureTree rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá ní London, fẹ́ fi "Yoruba Stars" sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ta kò ó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síta, ariwo sì ta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà láti gbé trademark náà fún CultureTree.

Ariwo la fi gbà á padà. Ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo kọ́ ni ariwo ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata inú ìgò, ẹ̀yin tí ẹ ń rán aṣọ, kí ẹ tó tẹ orúkọ sára ọjà, ẹ wò ó lórí ìkànnì USPTO, ọ̀fẹ́ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.