Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Nínú Báàgì Ọwọ́ Arìnrìn-àjò

Àdúgbò Mafoluku ní Òṣòdì múlé gbe pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tí a ṣí ní ọdún 1979. Ọ̀pọ̀ ará ìjọ tí ń gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun ni í ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà bọ̀ fún ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì.

Bátìrì lithium ni ó gba ìṣọ́ra jùlọ. Bí irin bá kan orí rẹ̀ méjèèjì, ó lè gbiná. Nínú yàrá ẹrù, kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò tètè dé ibẹ̀ pa á. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, iná tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹrù tí bátìrì bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó mú ọkọ̀ akẹ́rù UPS já ní Dubai. Awakọ̀ méjèèjì kú. Nítorí náà, bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, àti páwà báńkì pẹ̀lú, ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì fi tépù bo orí rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ bá ju 100 Wh lọ, ẹ gba àṣẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Èyí tí ó ju 160 lọ, wọn kò ní gbà á.

Hard disk àti RAM kò ní wàhálà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ìjọ bá wà nínú hard disk náà (a ti rí irú rẹ̀), ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílé kí ẹ tó gbéra. Screwdriver gígùn ní tirẹ̀, inú ẹrù ìsàlẹ̀ ni ààyè rẹ̀.