Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Ìtàn Eré Orí Kọ̀ǹpútà Láti Ọdún 2003

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ olùrà, tí ọjà sì ti dé ọwọ́ rẹ̀, ọjà di tirẹ̀ nìyẹn. Ó lè lò ó, ó lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, bí ó bá sì sú u, ó lè tà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn eré orí kọ̀ǹpútà rí ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù tẹ́lẹ̀ rí. Ènìyàn a lọ sí ilé ìtajà, a ra àwo tí eré wà nínú rẹ̀, a kì í bọ inú kọ̀ǹpútà, ó di eré ṣíṣe.

Bí àṣà yìí ṣe yí padà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, ilé-iṣẹ́ tí a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ ni Valve, tí Gabe Newell àti Mike Harrington dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996. Eré wọn àkọ́kọ́, Half-Life, jáde ní 1998, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ń bẹ. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe sí eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àtúnṣe náà kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò bá sì tíì rí i gbà kò ní lè bá àwọn yòókù ṣeré. Àwọn tí ń rẹ́ni jẹ nínú eré pọ̀. Àwọn tí ń ṣe àdàkọ láìgbàṣẹ náà pọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ètò Steam jáde ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, 2003. A kò lè sọ pé ìdí wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, 2004 ni ọ̀ràn di ariwo, nígbà tí Half-Life 2 jáde. Eré yìí, ènìyàn lè dá a ṣe nínú yàrá rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni díje. Síbẹ̀, ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra àwo kò lè ṣí i àfi bí ó bá kọ́kọ́ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Steam, tí Steam sì fún un láṣẹ. Bẹ́ẹ̀, wáyà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní in rárá. Lọ́jọ́ náà, èrò ya bo àwọn kọ̀ǹpútà Valve tí ń fúnni láṣẹ, ọ̀nà dí pa. Olùrà jókòó, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ mọ́ síta. Inú bí àwọn ènìyàn gidigidi, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa má ṣe rò pé ìdádúró yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó dí a máa là. Steam fúnra rẹ̀ sunwọ̀n sí i, ọ̀pọ̀ tó bú u sì wá fẹ́ràn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tajà ni kókó. Eré tí a bá ti so mọ́ orúkọ olùrà kan kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn mọ́. Ẹgbẹ́ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Jámánì pe Valve lẹ́jọ́ lórí Half-Life 2 yìí gan-an; ilé-ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dá Valve láre ní 2010. Ilé-ẹjọ́ kan ní Paris dá àwọn oníbàárà láre lórí irú ọ̀ràn yìí ní 2019, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní 2022.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tọ ipa ọ̀nà kan náà. SimCity ti ọdún 2013, eré tí ènìyàn fi ń kọ́ ìlú tirẹ̀, kò ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì títí di oṣù kẹta, 2014. Ti The Crew ló burú jù lójú tèmi. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, 2024, Ubisoft pa àwọn kọ̀ǹpútà tó gbé eré náà ró, eré sì kú pátápátá, títí kan apá tí ènìyàn lè dá ṣe. Àwọn tó ra àwo rẹ̀ ṣì ní àwo nílé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, olùtajà irú nǹkan báyìí kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà “rà” láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ kedere pé àṣẹ ìlò lásán ni ó ń gbà. Kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní oṣù kẹwàá, 2024, Steam ti kọ ọ́ síbi tí a ti ń sanwó pé àṣẹ ni owó yìí ń rà. Ó ku oṣù kan kí Half-Life 2 pé ogún ọdún.