ỌJỌ́ MÉJÌ NÍ ALẸKISÁŃDÍRÍÀ

Àwọn baba wa máa ń wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ó fẹ́ lọ wo ìlú Alẹkisáńdíríà ní etí òkun Íjíbítì mu gidigidi, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó sọ ìlú náà di olókìkí ni ilẹ̀ ti bò tàbí tí òkun ti gbé mì. Bí ọmọ ìlú wa kan, yálà láti ilé tàbí láti ìdálẹ̀, bá ń gba Káírò kọjá lọ sí Jerúsálẹ́mù tàbí Mẹ́kà, tí ó sì ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́, a gbà á níyànjú pé kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Ìrìn nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ ìtàn ibẹ̀.

Ní ọdún 331 ṣáájú ìbí Olúwa wa ni Alẹkisáńdà, ọba Masedóníà, tẹ ìlú náà dó. Àwọn ọba ìdílé Tólẹ́mì tí wọ́n jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fi í ṣe olú-ìlú Íjíbítì, wọ́n sì kó ìwé àti àwọn amòye jọ síbẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn Júù ti túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì. Ibẹ̀ náà ni a bí Àpólò, tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Síbẹ̀, ìlú tí ó kún fún ìwé tó bẹ́ẹ̀ sọ ojú oórì ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó nù. Níbẹ̀ ni a sin Alẹkisáńdà sí, àwọn ọba Róòmù sì ti wá wò ó rí, ṣùgbọ́n títí di òní kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, kí àlejò bẹ̀rẹ̀ láti Kom el-Dikka, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Òkìtì ilẹ̀ lásán ni ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1960, nígbà tí a fẹ́ kọ́ ilé sí i, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Pólándì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, wọ́n sì kan gbọ̀ngàn ìṣeré ayé àwọn ará Róòmù, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ òkúta mábù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí nǹkan bí 20 yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ìjókòó òkúta yí ògiri wọn ká, tí ti olùkọ́ sì ga ju ti àwọn yòókù lọ. Kí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa má ṣe kánjú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó lọ wo òpó ńlá tí a gbé kalẹ̀ fún ọlá Diocletian, ọba Róòmù, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 27 mítà, àti ibojì abẹ́ ilẹ̀ Kom el-Shoqafa tí kò jìnnà sí i. Inú àpáta ni a gbẹ́ ẹ sí ní ipele mẹ́ta. Ọdún 1900 ni a tó rí i. A rí òrìṣà Íjíbítì níbẹ̀ tí a gbẹ́ pẹ̀lú aṣọ ọmọ-ogun Róòmù.

Ní ọjọ́ kejì, kí ó jí lọ sí odi Qaitbay ní etí òkun. Ojú ibẹ̀ ni ilé iná Fáróò, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 100 mítà, ti ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà fún ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ. Ìmìtìtì ilẹ̀ bà á jẹ́ ní 1303 àti 1323. Nígbà tí Sultan Qaitbay bẹ̀rẹ̀ odi rẹ̀ ní 1477, ó lo lára òkúta ilé tí ó wó náà. Láti ibẹ̀, kí àlejò rìn gba etí òkun lọ sí ilé ìkàwé tuntun tí a ṣí ní 2002 ní ìrántí ti àtijọ́.

Àwọn òkúta mìíràn ti rìn jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí òpó Alẹkisáńdíríà kan ní etí odò Thames, níbi tí ó ti wà láti 1878. Ìkejì rẹ̀ wà ní New York láti 1881.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí arìnrìn-àjò mú bọ̀ wálé: kí ni àwa náà ń jẹ́ kí ó sọnù? Yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ìlú ká ti ń kún. Ojú oórì ẹni tí ó tẹ ìlú wa dó kù sí ìmọ̀ àwọn àgbà díẹ̀. A bẹ Ẹgbẹ́ wa kí wọ́n yan ènìyàn tí yóò kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí sílẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ilé bò ó. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn àgbà ni kò ní lè dúró dè wá.