Oúnjẹ Bọ́mà: Láti Ìkòkò Mẹ̀kúnnù dé Tábìlì Olówó

Orúkọ Bọ́mà kò ṣàjèjì sí etí àwọn àgbà wa. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn Yorùbá wà lára wọn, ti bá àwọn ará Jàpáánù jà títí di 1945. Ogun ni a fi mọ ilẹ̀ náà. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò lónìí. Ohun tí wọ́n ń gbé síwájú olówó nínú àwọn ilé oúnjẹ Bọ́mà tó gbayì lóde òní ní ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ngapi. Ẹja tàbí edé ni wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n á gún, tí wọ́n á sì fi pamọ́ títí yóò fi kan. Ipò tí irú wà nínú ọbẹ̀ wa ni ó wà nínú tiwọn: òórùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ọbẹ̀ tẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́yìn ogun kẹta ní 1885, òórùn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kẹ́gàn onílẹ̀. Ní 1901, àwọn ọmọ ìyá Sarkies, ará Àméníà, ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Strand sí etí odò ní Ráńgúùn. Àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ ọ fún. Báyìí ni ọmọ onílẹ̀ ṣe di ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ń rùn ní ìlú baba rẹ̀.

Lahpet ńkọ́? Ewé tíì ni, tí wọ́n fi ooru sè, tí wọ́n dì pọ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀pà, aáyù díndín àti yànmọ̀tí ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Òwe wọn sọ pé nínú èso, máńgòrò ló ga jù. Nínú ẹran, ẹlẹ́dẹ̀. Nínú ewé, lahpet. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè, ẹ fetí sí ohùn wọn: thayet, wet, lahpet. Ìró kan náà ló parí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láyé àwọn ọba wọn, bí ẹjọ́ bá parí, àwọn olùpẹ̀jọ́ méjèèjì yóò jẹ lahpet láti fi hàn pé àwọn gba ìdájọ́. Ẹ kò ha rí i pé ó ṣe ìbátan obì wa?

Ní 1962, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè náà. Ìpakúpa 1988 tú ọ̀pọ̀ ènìyàn ká sí òkè òkun. Oúnjẹ wọn bá wọn lọ. Ní 1992, Burma Superstar ṣí ní San Francisco, lahpet sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi orúkọ ewé náà sọ ilé oúnjẹ kan. Mohinga, ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń kiri láàárọ̀ ní Ráńgúùn, wá dé inú àwo olówó iyebíye.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọlọ́wọ̀n ni ó ti níyì. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà 1944, ìbọn ba Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní àfonífojì Kaladan. Àgbẹ̀ kan, Shuyiman, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, ó ń gbé oúnjẹ fún òun àti ẹnìkejì rẹ̀ títí di oṣù Ọ̀pẹ. Ta ni yóò díye lé ìrẹsì yẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi irú pamọ́ nítorí àlejò, ẹ ronú sí i.