Tòkunbọ̀

“Ti òkun bọ̀” ni. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ àlòkù tó wá bá a pín orúkọ. Orúkọ náà sọ ibi tí ọkọ̀ ti wá. Kò sọ ohun tójú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ra ọ̀kan l'Ẹ́gbẹ̀dá, ẹni tó ń tà á ní kí n fowó kún owó, òun á ṣe onídùúró ẹ́ńjìnnì fóṣù mẹ́fà. Mo ní, “Gíà ńkọ́?” Ó dákẹ́. Mẹkáníìkì mi fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: ó funfun bí ògì. Omi ti wọ ẹ́ńjìnnì. Mo káwó mi sápò.