Ta Ló Kọ́ Tab Ní Ohun Tó Mọ̀?

Bí a bá tẹ lẹ́tà méjì nínú shell, tí a wá tẹ Tab, tí ọ̀rọ̀ náà sì parí fúnra rẹ̀, ó yẹ ká béèrè pé ta ló kọ́ ọ.

Àṣà yìí ti wà kí Linux tó dé. Lórí TENEX, tí iléeṣẹ́ BBN ṣe ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè tẹ Escape kí kọ̀ǹpútà bá a parí àṣẹ. Ken Greer gbé e wọ inú C shell. "T" tó ṣáájú orúkọ tcsh, ti TENEX ni.

Ṣùgbọ́n orúkọ àṣẹ àti ti fáìlì nìkan ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé àṣẹ kọ̀ọ̀kan kò yé e. Tcsh àti zsh ló kọ́kọ́ gba olùlò láyè láti kọ́ ọ. Ní ọdún 2000, bash 2.04 náà gbé `complete` dé. Ká ní a kọ ètò kan fún yíyá ìwé, tí a pè é ní iwe, ìlà kan ti tó:

`complete -W "gba pada wa" iwe`

Tẹ "iwe p", kí o tẹ Tab: "pada" á jáde. Fi ìlà náà sínú .bashrc, kò ní gbàgbé.

Àwọn tó ṣe bash kò lè mọ ọ̀rọ̀ inú ètò tí àwa kọ. Àwa la máa kọ́ ọ, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa má baà máa há gbogbo rẹ̀ sórí.