Iṣẹ́ Òòjọ́ àti Ìlera Ọjọ́ Alẹ́

Bí wọ́n bá kí alábàárù lọ́jà Bódìjà pé, "Ṣé ara le?" èsì rẹ̀ kì í ju "A dúpẹ́" lọ. Èsì kan náà ni ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ ní Dùgbẹ̀ yóò fọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí àwọn méjèèjì sọ bóyá ìlera wọn dára gan-an, ó mọ níwọ̀n, tàbí kò dára, èsì lè yàtọ̀. Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ojú tí ènìyàn fi ń wo ìlera ara rẹ̀. Kì í ṣe ìbéèrè ṣákálá, nítorí ẹni tó bá ní ìlera òun kò dára sábà máa ń tètè kú.

Lọ́dún 1985, Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí Whitehall kejì lórí òṣìṣẹ́ ìjọba 10,308 ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn ló ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́, síbẹ̀ bí ipò ṣe ń relẹ̀ ni àìsàn ń pọ̀ sí i. Èsì tó jáde lọ́dún 2007 fi hàn pé nígbà tí ọjọ́ orí kò tíì lọ púpọ̀, ìlera àwọn ọ̀gá fi bí ọdún 4.5 sàn ju ti òṣìṣẹ́ kékeré. Nígbà tí wọ́n fi pé 70, ó ti di bí ọdún 8: ara ọ̀gá ẹni ọdún 70 kò yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ kékeré ẹni ọdún 62.

Nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn darí ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003. Àgbàlagbà 2,152 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ. Ó hàn níbẹ̀ pé bí àgbàlagbà ṣe ń bá ẹbí àti àdúgbò ṣe pọ̀ ló ń sọ jù lọ bí ayé rẹ̀ ṣe tura tó. Owó ọwọ́ rẹ̀ náà kó ipa tirẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà wọ ara kò fara sin. Ọrùn àti ẹ̀yìn ni alábàárù fi ń jẹun; awakọ̀ tó ń ná Challenge sí Ring Road ń jókòó nínú èéfín láti ìdájí di alẹ́. Ọjọ́ tí wọn kò bá jáde, owó kò wọlé, nítorí náà àìsàn ti máa ń wọ̀ wọ́n lára kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba ìsinmi àìsàn, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì lójú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà ni ètò adójútòfò ìlera Nàìjíríà kọ́kọ́ mú lọ́wọ́ lọ́dún 2005. Òfin ọdún 2022 ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè yìí, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Àwọn àgbà ní ìlera l'oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi ń wá ọrọ̀ lè máa jẹ ìlera ọ̀hún díẹ̀díẹ̀, kí gbèsè rẹ̀ tó yọjú lọ́jọ́ alẹ́.